Orí Keje: Kòkòrò Tí Ń Jẹ Obì, tàbí Iṣẹ́ Àwọn Tí Ń Tún Ẹ́ńjìnnì Kéékèèké Ṣe

Nígbà tí iná mànàmáná bá lọ ní àdúgbò, tí òkùnkùn sì bo ilé olówó àti ilé òtòṣì mọ́lẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, kì í pẹ́ tí a óò fi máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kéékèèké láti ojúlé dé ojúlé: ti onígbàjámọ̀ ń ké fáàfáà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ti ìyá ẹlẹ́ja dídì ń kùn lábẹ́ ògiri, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀rọ ìlọta ní ìsàlẹ̀ ọjà kò tilẹ̀ dákẹ́ láti òwúrọ̀, nítorí iná wà ni o, iná kò sí ni o, àwọn obìnrin yóò lọ ata. Bí a bá tún wá ka ọ̀kadà tí ń gbé ọmọ dé ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú kànga, ayùn oní-ẹ́ńjìnnì tí àwọn agégi ń gbé wọ inú igbó Oǹdó, àti èyí tí àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ẹ̀pẹ́ ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi wọn, a óò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ẹrù tí géńdé kan lè gbé lọ, síbẹ̀ oúnjẹ òòjọ́ àìmọye ilé ni ó rọ̀ mọ́ wọn lọ́rùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì dákẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni a ń sáré tọ̀ lọ, mẹkáníìkì tí aṣọ rẹ̀ ti dúdú fún ọ́ìlì, ẹni tí kò sí ẹni tí ń rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ dáradára.

Ìmọ̀ ẹni náà ni orí ìwé yìí dá lé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé agbára apá àti àpótí sípánà ni iṣẹ́ rẹ̀, pé ẹni tí ó bá ti lè tú bóòtù tí ó dípẹtà, tí ó sì rántí bí yóò ti dá a padà, mẹkáníìkì ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, a kì bá tí í gbé ẹ̀rọ kan náà lọ sí ọ̀dọ̀ ènìyàn mẹ́ta kí ó tó ṣiṣẹ́. Wíwá ìdí ni iṣẹ́ náà gan-an. Títú àti dídè, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n. Àwọn àgbà sọ pé kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé, ẹni tí kò bá sì mọ bí inú ẹ́ńjìnnì ti rí, ara rẹ̀ ní òde ni yóò máa nù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Inú náà kò ṣòro tó bí àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń lo bẹntiróòlù, ìbáà ti Japan wá, ìbáà ti Ṣáínà wá, ohun mẹ́rin péré ni ó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín: atẹ́gùn tí ó mọ́, epo ní ìwọ̀n, fífún àwọn méjèèjì pọ̀ nínú sílíńdà, àti iná tí ó ṣẹ́ ní àkókò tí ó yẹ kí ó ṣẹ́. Èyíkéyìí tí ó bá yẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a lè fa okùn rẹ̀ títí apá yóò fi ro wá, kò ní í dá wa lóhùn. Epo fúnra rẹ̀ bí ó ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì kì í jó. Oru rẹ̀ tí ó pò mọ́ atẹ́gùn ni ó ń jó, àwọn onímọ̀ sì ti wọ̀n ọ́n pé bẹntiróòlù gíráàmù 1 ń fẹ́ atẹ́gùn bí gíráàmù 14.7 kí ó tó lè jó tán pátápátá láìṣẹ́kù. Kábúrétọ̀ ni ó ń bá wa wọn èyí, nípa ihò kan nínú idẹ tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mìlímítà kan. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ pé ihò náà kéré tó bẹ́ẹ̀ kò ní í ya ẹnu nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé epo tí ó fi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ láti ìgbà òjò títí di ìgbà ọyẹ́ ni ó gbẹ, tí ó dà bí oje igi, tí ó sì dí ọ̀nà. Lẹ́yìn tí epo àti atẹ́gùn bá ti wọlé, písítìnì yóò gòkè, yóò fún wọn pọ̀ títí wọn yóò fi kù bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ààyè tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀, púlọ́ọ̀gì yóò sì ṣáná sí wọn lára. Nínú jẹnẹrétọ̀ tí ń fún wa ní iná ilé, ẹ́ńjìnnì náà níláti yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí pé ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni iná ilẹ̀ Nàìjíríà ń lọ tí ó ń bọ̀, gbogbo ohun èlò tí a sì ń so mọ́ ọn ni a ti ṣe fún ìwọ̀n yẹn. Ẹni tí ó bá lọ yí ìjánu ẹ̀rọ náà kí ó lè sáré sí i, nítorí pé gílóòbù ń ṣe bàìbàì, ara fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ni yóò ti san gbèsè náà.

Ọdún 1876 ni Nikolaus Otto, ará Jámánì, parí ẹ́ńjìnnì kan ní ẹ̀bá ìlú Cologne, tí písítìnì rẹ̀ ń rìn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin fún iná ẹ̀ẹ̀kan: ó fa gáàsì àti atẹ́gùn mu, ó fún wọn pọ̀, iná tì í, ó sì tú èéfín jáde. Ẹ̀rọ ńlá tí a rì mọ́ ilẹ̀ ni, gáàsì ni ó sì ń lò. Ní nǹkan bí ọdún 1891, ọkùnrin kan ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Joseph Day ni orúkọ rẹ̀, gba ìwé àṣẹ lórí irú kejì tí kò ní fáàfù bíi ti Otto, tí ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà nínú ìrìn méjì péré, lílọ kan àti bíbọ̀ kan. Láti inú ìyẹn ni a ti ní ayùn àwọn agégi àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ará Nàìjíríà sọ ní “I better pass my neighbour”. Ní 1946, lẹ́yìn tí ogun ti ba ilẹ̀ Japan jẹ́, Soichiro Honda rí àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí àwọn ọmọ ogun ti fi ń fún rédíò wọn ní iná, ó sì so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere fún àwọn tí kò rí ọkọ̀ wọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí mẹkáníìkì ọ̀kadà tí ó ń tú jẹnẹrétọ̀, kí ó má ṣe bú u pé ó ń jalè iṣẹ́ oníṣẹ́, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni àwọn ẹ̀rọ méjèèjì.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin irú méjì wọ̀nyí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ju bí ó ti rò lọ. Irú ti Otto, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fó-sítúróòkù, ní ikùn tí ọ́ìlì rẹ̀ ń gbé, a kì í sì í pò ó mọ́ epo. Wákàtí 20 àkọ́kọ́ ni a ń da ọ́ìlì náà nù, nítorí irin tuntun máa ń yọ èérún, lẹ́yìn náà ní wákàtí 100 tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ bí ibẹ̀ bá ní eruku. Ṣùgbọ́n irú ti Day, tú-sítúróòkù, kò ní irú ikùn bẹ́ẹ̀. Epo tí ń lọ sókè láti jó ni ó kọ́kọ́ ń gba abẹ́ písítìnì kọjá, ọ́ìlì tí a pò mọ́ ọn nìkan ni ó sì ń fi ọ̀rinrin pa irin lára níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé ọ́ìlì yìí nínú epo, irin yóò máa ha irin, písítìnì yóò wú, yóò sì lẹ̀ mọ́ ògiri sílíńdà. “Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì” ni wọn yóò sọ fún un, owó tuntun ni ó sì máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí ó bá tún bù ú jù, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà dé ibi kan náà, bí a óò ti rí i nísinsìnyí.

Mo jókòó ní ìrọ̀lẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan tí ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń fọ irin nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nígbà tí aránṣọ kan gbé tirẹ̀ dé, ọmọkùnrin kan bá a rù ú.

“Ọ̀gá, ẹ gbà mí o, aṣọ ìyàwó wà nílẹ̀, mo sì ti gba owó wọn.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ jókòó ná. Ṣé ó kú lójijì ni, àbí ó kọ́kọ́ ń ráre?”

“Ó ti ń ráre tipẹ́. Yóò tàn, yóò dún dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ máṣíìnì ìránṣọ báyìí, yóò gbọ̀n, yóò sì kú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kábúrétọ̀ tuntun sí i níbòmíràn ni o, ohun tí ó ń ṣe náà ni ó ṣì ń ṣe.”

Ọ̀gá náà kò fọwọ́ kan sípánà. Ó ṣí táǹkì, ó gbóòórùn epo, nítorí kẹrosíìnì tí àwọn ọ̀dàlẹ̀ ń pò mọ́ bẹntiróòlù kì í fi ara pamọ́ fún imú tí ó bá ti mọ̀ ọ́n. Ó jọ díẹ̀ sínú ìdérí ìgò, ó gbé e sí oòrùn láti wò ó bóyá omi wà nísàlẹ̀, nítorí omi wúwo ju epo lọ, ìdí abọ́ kábúrétọ̀ ni ó sì máa ń sá pamọ́ sí. Kò sí omi. Lẹ́yìn èyí ni ó tó tú púlọ́ọ̀gì, ó sì nà án sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́.

“Kí ni o rí?”

“Ó dúdú, Ọ̀gá mi.”

“Èmi náà rí i pé ó dúdú. Kí ni dúdú náà ń wí?”

“Ó ní epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ.”

“Ó dára. Ṣé epo ni ó pọ̀ jù, àbí atẹ́gùn ni kò tó?”

Ọmọ náà dákẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ kò bínú sí i. Ó ní kí ó fi àtàǹpàkò dí ojú ihò púlọ́ọ̀gì, kí ẹlòmíràn fa okùn, agbára inú sílíńdà sì ti àtàǹpàkò náà dànù, èyí tí ó fi hàn pé ríìngì àti písítìnì ṣì dúró ṣinṣin. Ó nu púlọ́ọ̀gì náà, ó so wáyà rẹ̀ mọ́ ọn, ó fi ìdí rẹ̀ kan ara irin níbi tí ó jìnnà sí ihò tí oru epo ti ń jáde, wọ́n tún fa okùn, iná aláwọ̀ búlúù sì ṣẹ́ pá: bí ó bá jẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú ni, kọ́ìlì tàbí púlọ́ọ̀gì ni wọn ìbá fura sí. Fíltà atẹ́gùn mọ́. Kábúrétọ̀ tuntun ni. Ó wá yíjú padà sí aránṣọ náà.

“Màmá, ta ní ń bá yín po ọ́ìlì mọ́ epo?”

“Ọmọ mi yìí ni. Ó ní bí ọ́ìlì bá pọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò pẹ́ láyé.”

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó tú bóòtù méjì tí ó di sáléńsà tí èéfín ń gbà jáde mú, ó yọ ọ́, wọ́n sì fa okùn. Ẹ̀rọ náà ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìsọ̀ kejì fi bojú wò wá, wọ́n so máṣíìnì ìránṣọ mọ́ ọn, kò sì gbọ̀n mọ́. Èéfín ni kò rí ọ̀nà jáde. Ibi tí èéfín ìjẹta bá sì jókòó sí, atẹ́gùn òní kò ní ààyè láti wọlé. Wọ́n ju sáléńsà náà sínú iná eléèédú títí ó fi pọ́n, nígbà tí ó tutù tí wọ́n sì fi òòlù gbá a, èédú dúdú tí ọ́ìlì àjẹjù ti dì síbẹ̀ jáde ní wóróbo-wóróbo. Owó iṣẹ́ tí ó gbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kábúrétọ̀ tí obìnrin náà ti san lásán. Kí wọ́n tó lọ, ó fa ọmọkùnrin náà sẹ́yìn, ó fún un ní abẹ́rẹ́ ìgúnṣẹ́ tí a ti yọ irin ẹnu rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ àwọn olóògùn, ó ní lítà epo kan, mìlílítà 20 ọ́ìlì. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5, mìlílítà 100, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ònkàwé ṣàkíyèsí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ètò tí ìbéèrè náà gbà tẹ̀lé ara wọn, láti orí ohun tí a lè mọ̀ láìtú ohunkóhun dé orí ohun tí ó gba sípánà, tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì ń ti ilẹ̀kùn kan. Ẹni tí ó ta kábúrétọ̀ fún obìnrin náà lè máà jẹ́ olè. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ohun tí ó wò sàn lánàá ni ó mú lé ti òní lórí. Ṣùgbọ́n èmi kò lè pe ẹni tí ń pààrọ̀ irin títí ẹ̀rọ yóò fi dáhùn ní oníṣẹ́. Owó oníbàárà ni ó fi ń kọ́ṣẹ́. Ìyà yìí sì pọ̀ sí i nígbà tí ojúlówó irin ṣọ̀wọ́n, nítorí ní Ládípọ̀ ní Mushin, ní Alábà, tàbí ní Gáàtì ní Ìbàdàn, tókúnbọ̀, tuntun àti ayédèrú ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ojú tí ó ti rí púpọ̀ ni ó lè yà wọ́n. Kódà púlọ́ọ̀gì tuntun láti inú páálí, ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ yóò wọn àlàfo ẹnu rẹ̀ kí ó tó dè é, nítorí ohun tí ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ kò ju mìlímítà 0.7 sí 0.8 lọ, ṣíṣubú páálí nínú ọkọ̀ sì tó láti ba ìyẹn jẹ́.

Ìgbà mìíràn wà tí ẹ́ńjìnnì yóò máa dún geere, tí iná kò sì ní í tàn rárá. Ìmọ̀ ti Michael Faraday ni a wọ̀ yẹn, ẹni tí ó fi hàn ní 1831 pé bí òòfà bá ń rìn lẹ́bàá wáyà, iná yóò máa sàn nínú wáyà náà. Jẹnẹrétọ̀ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ láìṣiṣẹ́ lè sọ ìwọ̀nba òòfà tí ó ṣẹ́kù sára irin rẹ̀ nù. Mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi bátìrì ta á jí, iná yóò sì dé, àwọn tí kò mọ̀ yóò máa sọ pé wáyà inú ti jóná, kí á wá owó riwáyà.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń di irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀? Ní ilẹ̀ wa, ẹsẹ̀ ọ̀gá ni ilé-ẹ̀kọ́ náà. Òbí yóò mú ọmọ wá, wọn yóò kọ ìwé àdéhùn, ọmọ náà yóò gbálẹ̀, yóò ra oúnjẹ, yóò fọ irin, yóò gba àbàrá fún nọ́ọ̀tì tí ó sọnù, títí ọjọ́ tí a óò fi ṣe ìyọ̀ǹda fún un, tí ọ̀gá yóò gbàdúrà lé e lórí, tí a óò sì jẹ, tí a óò mu. Ìlànà yìí ti bí àwọn ọlọ́wọ́ iyebíye, èmi kò sì ní í bá àwọn tí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dá sí i. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo tí ó dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í sọ̀rọ̀: ọmọ ń wo ọwọ́, kò gbọ́ ìdí, ó sì lè lo ọdún púpọ̀ kí ó tó mọ ohun tí ìbéèrè kan, “kí ni dúdú náà ń wí?”, ìbá ti fi yé e ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Láàrin ọdún, àwọn ọlọ́wọ́ irin a máa pa iṣẹ́ tì láti bọ Ògún Lákáayé, Ògún Onírè, ọkọ irin, tí ó ni òòlù, tí ó ni ọmọ owú, tí ó sì ni sípánà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n bí i; àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí a sì máa ṣe tiwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sáláṣí. Ẹni tí ń fọwọ́ kan irin gbígbóná lójoojúmọ́ mọ̀ pé irin kì í ṣe ohun àfojúdi.

Ó wá yà mí lẹ́nu pé àwọn ènìyàn kan náà tí wọ́n mọ bí a ti ń bi ẹ́ńjìnnì ní ìbéèrè, wọn kì í bi ara tiwọn. Mo ti rí ọ̀gá tí ó fi rọ́bà fa bẹntiróòlù mu láti inú táǹkì, tí ó tu èyí tí ó bọ́ sí i lẹ́nu dànù, tí ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Epo náà fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kán díẹ̀ tí ó bá ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lè tàn ká ibẹ̀ kí ó sì fa ìgbóná àti èémí kíkúrú. Nítorí èyí, bí ẹnì kan bá gbé e mì, kí a má ṣe fi epo pupa tàbí ìka mú un bì, nítorí bí ó ti ń gòkè bọ̀ gan-an ni ó ń rí ọ̀nà sí ẹ̀dọ̀fóró: ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ. Pọ́ńpù rọ́bà tí a ń fọwọ́ fún kò wọ́n, òun ni ó yẹ kí ó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi bẹntiróòlù fọ ọwọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ó ń yọ ọ́ìlì dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń bó ọ̀rá tí Ẹlẹ́dàá fi pa awọ ara lára, awọ yóò gbẹ, yóò là, yóò máa yún ni. Èyí tí ó sì burú jù ni benzene tí ó wà nínú epo náà, tí ń gba ara àti èémí wọlé, tí àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti kà mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀. Kí a fi òróró ìdáná díẹ̀ pa ọwọ́ ná, kí a fi àkísà nù ún, kí a tó fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́: ọ́ìlì dúdú náà yóò gbọ́ràn. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí ti ṣe àṣelà kan láìmọ̀, nítorí láti 1923 síwájú ni a ti ń po òjé mọ́ bẹntiróòlù káàkiri ayé, òjé tí ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà ní gúúsù Sàhárà kò sì jáwọ́ nínú rẹ̀ tán títí di 2006, Algeria ni ó sì kẹ́yìn ní gbogbo ayé ní 2021.

Etí ńkọ́? Ariwo tí ó bá tó ìwọ̀n dẹ́síbẹ̀lì 85, tí a ń gbọ́ ọ fún wákàtí 8 lójoojúmọ́, a máa ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìro ni rárá, ẹ́ńjìnnì tí a yọ sáléńsà rẹ̀ sì kọjá ìwọ̀n yẹn. Bí ó bá di pé a ń pariwo kí ẹni tí ó wà ní ìwọ̀n apá kan sí wa tó gbọ́, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù, ìdítí ni a ń fẹ́. Mẹkáníìkì tí ó fi etí ṣòwò, tí ó ń gbọ́ ìyàtọ̀ láàrin fáàfù tí ó dẹ̀ àti bíárín tí ó jẹ, kò ní olú-òwò mìíràn tí ó tó etí náà.

Èéfín ni mo fi sẹ́yìn, nítorí òun ni ó ń pa ni kíákíá jù lọ, kì í sì í pa mẹkáníìkì nìkan. Nínú èéfín gbogbo ẹ́ńjìnnì tí ń lo bẹntiróòlù ni gáàsì tí a ń pè ní carbon monoxide wà: kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú. Èyí tí a ń rí tí ó funfun tàbí tí ó dúdú kọ́ ni òun. Ẹ̀rọ tí èéfín rẹ̀ kò hàn rárá lè máa tú u jáde. Bí a bá fà á símú, ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbé atẹ́gùn ọ́síjìn káàkiri ara yóò gbá a mú ní ìlọ́po tí ó lé ní 200 ju bí ó ti ń gbá ọ́síjìn mú lọ, ó sì jókòó síbẹ̀ bí èrò tí ó ti dé ibi tí ó ń lọ tí ó kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, títí ọ́síjìn kò fi ní ààyè mọ́. Orí yóò máa fọ́ ènìyàn, òòyì yóò kọ́ ọ, èébì yóò máa gbé e, oorun yóò sì kùn ún; ẹni tí ó bá ti sùn tẹ́lẹ̀ kò tilẹ̀ ní í mọ èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Èyí ni ó fà á tí a fi ń gbọ́ pé ìdílé kan sùn, wọn kò sì jí, tí àwọn ará ilé ń wá ọ̀tá tí ó ṣe é káàkiri, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù olè.

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kò sí jẹnẹrétọ̀ tí ó kéré tó láti gbé inú ilé, ìbáà jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìdáná tàbí báńkóònì, ṣíṣí fèrèsé sílẹ̀ kò sì tó. Mítà 6 ó kéré tán ni kí ó fi jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tiwa àti ti aládùúgbò, kí ẹnu sáléńsà sì kọjú síta. Bí olè ni a ń bẹ̀rù, alágbẹ̀dẹ wà tí yóò kọ́ àgò irin fún un. Ẹ̀yin mẹkáníìkì pẹ̀lú, tí òjò bá ń rọ̀, ẹ má ṣe fa ilẹ̀kùn ìsọ̀ dé kí ẹ sì máa dán ẹ́ńjìnnì wò nínú rẹ̀.

Bí a bá bá ẹnì kan tí ó ti dákú nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí a gbé e jáde sí gbangba, kí a pa ẹ̀rọ náà, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní ọ́síjìn, nítorí mílíìkì àti epo pupa kò lè yọ gáàsì yìí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà kí ó tó bèèrè pé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nítòsí ibi tí ẹni náà sùn sí, nítorí orí fífọ́, àárẹ̀ àti èébì rẹ̀ jọ ti ibà, ẹni tí kò bá sì gbọ́ nípa jẹnẹrétọ̀ náà lè fún un ní oògùn ibà, kí ó sì ní kí ẹ máa gbé e lọ sílé.